Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé Paul Laurence Dunbar?

Àdùkẹ́ Olùkàwé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé láti jọ ka ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ka ewì kan sí wa létí, "Sympathy" lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ inú àgò ló dá lé. Nígbà tó kà á tán, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Mo wá lọ wádìí ẹni tó kọ ọ́: Paul Laurence Dunbar, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wọ́n bí i ní 1872, ó sì kú ní 1906, ọmọ ọdún 33 péré.

A ti fẹnu kò pé òun la máa kà fún oṣù méjì. Àmọ́ ìwé rẹ̀ pọ̀, n kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ohun kejì ni pé Ìyá kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Yorùbá nìkan ni wọ́n ń kà já gaara, mo sì fẹ́ máa tú ewì kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ẹ̀kẹta, àwọn ewì rẹ̀ kan wà tí mo ṣí, tí ó dà bíi pé wọ́n ṣi gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ ọ̀nà yìí ṣáájú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Bàbá Oníwèé

Àdùkẹ́, o kú ìtara. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyá tó bí i.

Matilda lorúkọ rẹ̀. Ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Kentucky, ẹrú náà sì ni Joshua, bàbá Paul. Joshua sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà wá gbé ìbọn nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní 55th Massachusetts. Ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí Paul ní June 27, 1872. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Matilda ló ń fi aṣọ fífọ̀ bọ́ ọmọ. Ó kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀ kó lè máa kọ́ ọmọ náà nílé. Ìtàn tó ń sọ nípa ayé oko ẹrú, orin tó ń dá bó ṣe ń ṣiṣẹ́, inú wọn ni Paul ti fa ọ̀pọ̀ ewì rẹ̀ yọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ó kàn ń fi èdè àwọn ẹrú dárà ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Central High School, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní kíláàsì rẹ̀. Orville Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, jọ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1890, Paul dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú wọn, Dayton Tattler, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn Wright ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ló jáde, owó tán.

Ọmọ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé nílé ẹ̀kọ́, tó tún jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn wọn, jáde ní 1891, kò sí ọ́fíìsì tó fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ tó rí ni kó máa wa lífíìtì ní Callahan Building, dọ́là 4 lọ́sẹ̀. Nígbà tí kò bá sí èrò, á jókòó sínú àpótí irin yẹn, á máa kàwé, á máa kọ ewì.

Ibẹ̀ ló wà tó fi tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Oak and Ivy, ní òpin 1892. Dọ́là 125 ni ilé ìtẹ̀wé náà ń béèrè. Kò ní in. Ẹnì kan níbẹ̀ dúró fún un, ó sì ń tà á ní dọ́là kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń wọ lífíìtì rẹ̀ títí ó fi san gbèsè náà tán. Inú ìwé yẹn ni "Ode to Ethiopia" wà, ó fi ń kí àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbórí sókè. Mo máa ń ronú sí i gan-an: ọmọ ogún ọdún, ó ń gbé àwọn èèyàn ròkè, ó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ìwé tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìṣọ̀lá_B

Bàbá ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa to ìwé ni tèmi.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Oak and Ivy. Lyrics of Lowly Life tó jáde ní 1896 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé èyí tó dáa jù nínú ìwé rẹ̀ méjèèjì àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìwé kejì yẹn, Majors and Minors (1895), ló sọ ọ́ di ẹni àpéwò. Dókítà kan àti lọ́yà kan ní Toledo ló ràn án lọ́wọ́ kó lè jáde. Ẹ̀dà kan dé ọwọ́ William Dean Howells, lámèyítọ́ tí etí gbogbo Amẹ́ríkà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Howells kọ̀wé yìn ín nínú ìwé ìròyìn Harper's Weekly ní June 27, 1896. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Dunbar pé ọmọ ọdún 24.

Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. "Majors" ni ewì tó fi Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kọ, "Minors" ni èyí tó fi ẹ̀ka-èdè àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù kọ. Howells sọ pé inú ti ẹ̀ka-èdè ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo olóòtú ìwé ìròyìn ń béèrè irú ìyẹn ṣáá. Nígbà tó di 1897, Dunbar kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Howells ti ṣe òun ní ibi tí kò lè tún mọ́. Ó sọ fún James Weldon Johnson, akéwì aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, náà pé bí òun kò bá fi ẹ̀ka-èdè kọ ọ́, wọn kò ní gbọ́ tòun. Ní 1903 ó kọ ewì kan tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, "The Poet": akéwì kan kọrin ayé, ó kọrin ìfẹ́, ó lọ sí ibi tó jinlẹ̀, àwọn èèyàn wá yíjú sí orin wẹ́rẹ́ tó fi èdè wẹ́lẹwẹ̀lẹ kọ, ìyẹn ni wọ́n ń yìn. Mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ ka ìlà mẹ́jọ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá pàdé.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Lyrics of the Hearthside (1899), ibẹ̀ ni "Sympathy" wà. Kẹ́ ẹ tó wá sí Lyrics of Love and Laughter (1903) àti Lyrics of Sunshine and Shadow (1905). Ó kọ ìtàn kéékèèké náà. Folks from Dixie (1898) ló ṣáájú. Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin ló kọ, ọ̀kan péré ni kẹ́ ẹ kà, The Sport of the Gods (1902). Ìtàn Berry Hamilton ni, agbọ́tí olóòótọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn láìmọwọ́-mẹsẹ̀, tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, tí aya àti ọmọ rẹ̀ fi kó lọ sí New York, tí ìlú náà sì jẹ wọ́n run. Ó le. Ẹ fi sílẹ̀ di oṣù kejì.

Kẹ́ ẹ má náwó: gbogbo ewì rẹ̀ tí wọ́n kó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1913 wà lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àdùkẹ́ Olùkàwé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti wà á sórí fóònù. Mo ṣí "When Malindy Sings". Ìlà kẹta ni mo ti dúró. Kí ni kí n ṣe sí àwọn "dat" àti "de" yìí?

Ará Dayton Tẹ́lẹ̀

Má fi ojú kà á. Fi ẹnu kà á.

Mi ò ṣàwàdà. Ojú ni àwọn lẹ́tà yẹn ń dẹ́rù bà. Kà á sókè díẹ̀díẹ̀, kí o jẹ́ kí etí rẹ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ sọ, wàá rí i pé "de" ni "the", "dat" ni "that". Lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá, o ò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn èèyàn tún ti ka àwọn ewì rẹ̀ sínú ohùn lórí LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Ohun tí Malindy ń sọ rọrùn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ń bá Miss Lucy sọ̀rọ̀ pé kó pa ìwé orin tó ń tẹjú mọ́ yẹn dé, bó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọ, kò lè kọrin bíi Malindy. Tí Malindy bá gbóhùn, àwọn ẹyẹ á dákẹ́, ẹni tó ń ta fayolíìnì á gbé e sílẹ̀. Ní ìparí, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ohùn ọmọbìnrin náà ń bọ̀ láti òkèèrè. Orin Matilda ìyá rẹ̀ ló wà lọ́kàn Dunbar tó fi kọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyá tó ń dá orin lẹ́yìn ilé ní ìdájí mọ ohun tó ń sọ.

Mo gbé ní Ohio fún ọdún mẹ́rin, mo sì lọ sí ilé rẹ̀. Ilé bíríkì ni, kò tóbi. Ó rà á fún ìyá rẹ̀ ní 1904 nígbà tí ikọ́ ife ti ń jẹ ẹ́ tán, ibẹ̀ ló sì kú sí ní February 9, 1906. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ti ń kọ̀wé. Ìwé kún ara ògiri. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún yàrá náà tò, bí ọmọ náà ṣe fi í sílẹ̀ ló wà títí ìyá fi kú ní 1934. Mi ò lè wọlé ní wàràwàrà. Mo kọ́kọ́ bọ́ fìlà.

Ẹ má fo "An Ante-Bellum Sermon" o. Oníwàásù kan ń bá àwọn ẹrú sọ̀rọ̀ Mósè àti Fáráò, ó ń sọ bí Ọlọ́run yóò ṣe tú wọn sílẹ̀, ó wá ń dúró láàárín pé, ẹ gbọ́ o, ayé àtijọ́ ni mò ń wí, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún ọ̀gá pé mò ń wàásù ọ̀tẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ọmọlúwàbí gan-an nìyẹn. Ẹ ka èyí fún Ìyá tó wà láàárín yín, á yé wọn kíá.

Olóhùn Iyọ̀

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọsẹ̀ kẹ́ ẹ má baà kọsẹ̀ níbẹ̀.

"We Wear the Mask." Nígbà tí mo kọ́kọ́ tú u, mo kọ "agọ̀" sí ibi tó ti sọ "mask". Ó dùn létí. Mo kà á fún bàbá ìyàwó mi, wọ́n ní, "Ṣé egúngún ni wọ́n ni?" Mo rí àṣìṣe mi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ agọ̀ lọ́dọ̀ wa ti di ará ọ̀run, ọlá ni, àṣẹ ni. Ohun tí Dunbar ń sọ ni ojú ẹ̀rín tí aláwọ̀ dúdú fi ń bo ẹkún kí aláwọ̀ funfun má baà rí i. "Ìbòjú" ló tọ́ sí i. Ó kọ ọ́ lọ́nà tí gbólóhùn ìbòjú yẹn fi ń padà wá ní ìparí. Ẹ rí i dájú pé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ lò níbi gbogbo, ẹ má máa pààrọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tú àárín "Sympathy":

Mo mọ ìdí tí ẹyẹ inú àgò fi ń fi apá lu irin
Títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi pọ́n lára ọ̀pá ìkà;
Nítorí dandan ni kó fò padà síbi tó ń bà sí,
Bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ka tó ń mì lójú afẹ́fẹ́ ló wù ú;
Ìrora sì ń ta á nínú àpá tó ti pẹ́, tó ti pẹ́.

Ẹ wo bí "apá" àti "àpá" ṣe ń pe ara wọn. Kò sí ìyẹn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa ló fi í ta wá lọ́rẹ.

Àtipé ẹ jẹ́ kí Ìyá mọ ibi tí àgò náà ti wá. Ní 1897 Dunbar rí iṣẹ́ ní Ilé Ìkàwé Congress ní Washington. Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé irin tó yí ibi tí wọ́n ń to ìwé sí ká, tí oòrùn ń mú gbóná, ló jẹ́ kó mọ ìdí tí ẹyẹ fi ń lu apá. Eruku ìwé yẹn kò bá àyà rẹ̀ lára mu. Kò pẹ́ sí ọdún méjì tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní ti àwọn ewì ẹ̀ka-èdè, mo ti rí ẹni tó fi Èkìtì tú wọn kó lè jọ ti "oko". N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún Dunbar ni yóò tún padà ṣe fún àwọn ará Èkìtì: ẹ̀rín.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo ta kò yín níbẹ̀. Èdè tí ìyá mi fi gbàdúrà lé mi lórí ni Èkìtì. Kì í ṣe èdè ẹ̀rín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ewì tó pani lẹ́rìn-ín nìkan ni wọ́n ń fi tú. Tí ẹ bá fi Èkìtì tú oníwàásù yẹn, tẹ́ ẹ fi tú Malindy, tẹ́ ẹ sì tún fi tú ewì ọ̀fọ̀ rẹ̀, ta ló máa rẹ́rìn-ín? Kí ẹni tó bá máa ṣe é ṣáà jẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́ nílé. Kò yẹ kí ẹni tí kò gbọ́ ọ máa fi ṣe àfarawé.

Olóhùn Iyọ̀

Mo gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, mo sì dúpẹ́. Àdùkẹ́, tí kò bá sí ẹni tó ń sọ ẹ̀ka-èdè nílé láàárín yín, ẹ fi Yorùbá ẹnu lásán tú "Minors", bí ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí ààrò, kẹ́ ẹ fi ti inú ìwé tú "Majors". Etí á gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Mọ́remí_K

Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ìyàwó yẹn. Alice Ruth Moore lorúkọ rẹ̀, ọmọ New Orleans. Òǹkọ̀wé lòun náà. Ó ti tẹ Violets and Other Tales ní 1895 kí wọ́n tó fẹ́ra. Dunbar rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan, ó kọ lẹ́tà sí i, lẹ́tà ni wọ́n fi dọ́rẹ̀ẹ́ fún bí ọdún méjì. Wọ́n ṣègbéyàwó ní March 1898.

Ó ń lù ú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1902, ó lù ú débi pé Alice kó ẹrù rẹ̀ jáde, kò sì padà mọ́. Ó kọ lẹ́tà bẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Alice kò dá a lóhùn. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti kà á pé ọkọ òun ti kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ikọ́ ife ni, pé wísíkì tí wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bí oògùn ló di bárakú fún un. Òótọ́ ni wísíkì náà. Síbẹ̀, egungun obìnrin ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹ má fi pamọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń kàwé, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ kan ka ìwé Alice fúnra rẹ̀: The Goodness of St. Rocque, 1899. Ó mọ ìtàn sọ.

Bàbá Oníwèé

Mọ́remí, o ṣeun tó o sọ ọ́. Ó yẹ kó ti ẹnu mi jáde.

Fẹ́mi Olórin

Kékeré ni tèmi. Nígbà tí Dunbar lọ sí London ní 1897, ó bá Samuel Coleridge-Taylor pàdé, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣẹ̀dá orin, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone. Coleridge-Taylor fi àwọn ewì rẹ̀ ṣe orin, African Romances. Òun yìí kan náà ló padà fi orin Yorùbá kan, "Oloba", sínú 24 Negro Melodies rẹ̀ ní 1905. Ọwọ́ ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó ló ti gbà á. Tẹ́ ẹ bá rí i gbọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún Ìyá.

Dunbar tún kọ ọ̀rọ̀ orin fún eré In Dahomey, tó gbalẹ̀ ní Broadway, àdúgbò eré orí ìtàgé ní New York, ní 1903, tí wọ́n tún lọ ṣe ní ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Ẹ má retí pé Dahomey tòótọ́ ló wà nínú rẹ̀ o, àlá àwọn ará Amẹ́ríkà nípa rẹ̀ ni.

Àdùkẹ́ Olùkàwé

Ẹ̀yin ará, mo padà wá jíṣẹ́. A pàdé lánàá.

Matilda ni mo fi bẹ̀rẹ̀ bí Bàbá ṣe wí. Mo ń sọ ọ́ lọ, Ìyá dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ta ló sin ẹnì kejì?" Mo ní ìyá ló sin ọmọ, ó sì tún gbé ọdún 28 lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé tí ọmọ rà fún un. Wọ́n mi orí. Wọ́n béèrè bóyá ó ṣì ń dá orin nígbà yẹn. N kò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Mo ka Malindy sókè, mo tú u bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà kẹta, àwọn fúnra wọn ló ń sọ ibi tí ẹyẹ ti dákẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alice náà wáyé, ó sì gba àkókò ju ewì lọ, àwọn obìnrin mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"The Haunted Oak" la fẹ́ kà ní Sátidé tó ń bọ̀. Igi kan ń sọ bí adájọ́ àti dókítà àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe bo ojú wá lóru, tí wọ́n so aláìṣẹ̀ kọ́ sórí ẹ̀ka rẹ̀, tí ewé kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Kí ni kí n pe "oak"? Ṣé kí n pè é ní ìrókò?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Rárá, má pè é ní ìrókò. Ìrókò ní olúwéré tirẹ̀, wọ́n á máa retí kí ó jáde, wọ́n á sì gbàgbé ọkùnrin tí wọ́n so kọ́. Bíbélì wa ti pè é ní igi óákù, Ìyá á ti bá a pàdé níbẹ̀. Fi óákù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìbòjú" tí Olóhùn Iyọ̀ lò ni kó o lò fún ohun tí adájọ́ àti dókítà fi bo ojú wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.